Susanna Salter, mẹ́yọ̀ Argonia ní 1887: ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi gbé e wọlé?

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ Susanna Salter ni mo gbé wá, obìnrin tó jẹ mẹ́yọ̀ ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Argonia, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1887. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé àwọn ọkùnrin kan ló fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìbò láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí yẹ̀yẹ́ wá di òótọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ibi tí kò ti yé mi nìyí: báwo ni orúkọ èèyàn ṣe máa wà nínú ìwé ìbò tí olórúkọ ò mọ̀? Ṣé wọn kì í gba fọ́ọ̀mù ni? Ta sì ni obìnrin náà gan-an? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìjọba ìlú kéékèèké Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Tíṣà Ìtàn
Àbẹ̀kẹ́, fọ́ọ̀mù tí ò ń wá yẹn, kò sí i nígbà náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀.

Ìjọba kọ́ ló ń tẹ ìwé ìbò ní Kansas ní 1887. Àwọn tó bá kóra jọ láti fa èèyàn kalẹ̀ ni wọ́n máa gbé orúkọ lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé, wọ́n sì lè fọwọ́ kọ ọ́ bó bá wù wọ́n. Bébà gbọọrọ kan ni, orúkọ ló wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀: ẹni tí wọ́n fẹ́ kó jẹ mẹ́yọ̀, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú márùn-ún, àtàwọn ipò yòókù. Olùdìbò á gba bébà àwọn tó bá wù ú lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in nítòsí ibi ìdìbò, á ká a, á jù ú sínú àpótí, ó parí. Kò sí pé à ń tẹ̀ka. Bí orúkọ kan ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fi pẹ́ńsù fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, á kọ ẹlòmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn òṣèlú mìíràn tiẹ̀ máa ń tẹ orúkọ sára bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, kí olùdìbò kàn lá a, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí orúkọ tí kò fẹ́. Ọdún 1893 ni Kansas tó bọ́ sórí ìwé ìbò tí ìjọba ń tẹ̀, tí èèyàn ń dì ní ìkọ̀kọ̀.

Òfin ò sì ní kí olùdíje fi orúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìbò tó pé. Àárọ̀ ọjọ́ ìbò ni èèyàn lè kọ́kọ́ rí orúkọ tó wà nínú bébà. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ rẹ ṣeré nígbà náà, owó bébà àti yíǹkì nìkan ló máa ná an.

Ìyá Adùkẹ́
Tíṣà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ọdún 1920 la gbọ́ pé òfin gbogbo Amẹ́ríkà fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Kí ló wá gbé obìnrin dé ìdí àpótí ní 1887?

Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́
Mà, kí 1920 tó dé, kálukú ìpínlẹ̀ ló ń dá tiẹ̀ ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni Kansas fún wọn, bí ẹni ń bu ọbẹ̀ fún àlejò tí kò fẹ́ kó yó. Láti 1861 tó ti di ìpínlẹ̀ ni obìnrin ibẹ̀ ti lè dìbò lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kejì 1887 ni òfin jáde pé wọ́n lè dìbò yan àwọn aláṣẹ ìlú, ìyẹn mẹ́yọ̀ àti ìgbìmọ̀, yálà ìlú onípele kìíní ni, onípele kejì tàbí ìkẹta. Ti gómìnà, ti àwọn aṣòfin àti ti ààrẹ, ó di 1912 kí wọ́n tó fún wọn.

Ìlú onípele kẹta ni Argonia: ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ ò tó 2,000 ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ti Argonia ò ju nǹkan bí 500 lọ. Lọ́dọọdún ni irú ìlú bẹ́ẹ̀ ń dìbò nígbà náà, ní oṣù Kẹrin.

Ẹ wo bí ọjọ́ ṣe sún mọ́ra. Oṣù Kejì ni òfin jáde, 4 oṣù Kẹrin ni ìbò. Oṣù méjì ò tíì pé. Ara ṣì ń ta àwọn ọkùnrin kan nígbà tí wọ́n gbé àpótí jáde.

Àbẹ̀kẹ́
Ó ti ń yé mi. Àwọn wo ló wá gbèrò yẹ̀yẹ́ ọ̀hún?

Tíṣà Ìtàn
Kí n tó dórí wọn, ó yẹ ká sọ̀rọ̀ ọtí, torí pé ọtí ló wà nídìí ẹ̀.

Kansas ti fi òfin de ọtí nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ní 1880, ó sì di ohun tí wọ́n ń mú èèyàn sí láti 1881. Ṣùgbọ́n òfin tó wà nínú ìwé ọ̀tọ̀, mẹ́yọ̀ tó máa mú un ṣẹ ọ̀tọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Onígbàgbọ́ tó ń gbógun ti ọtí, WCTU, ti fìdí múlẹ̀ ní Argonia láti 1883. Nígbà tí ẹ̀tọ́ ìbò dé ọwọ́ wọn, àwọn tí kò ní fojú fo ẹlẹ́mu ni wọ́n ń wá. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n to orúkọ àwọn èèyàn tí wọ́n rí i pé ó kún ojú òṣùwọ̀n, láìwo ẹgbẹ́ òṣèlú tí kálukú wà. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Susanna Salter, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́, ló darí ìpàdé náà torí pé ààrẹ wọn ò sí nílé. Ọkùnrin kan tàbí méjì wá síbẹ̀ láti da ìpàdé rú, kò bọ́ sí i fún wọn.

Bí nǹkan bí ogún ọkùnrin ṣe lọ ṣèpàdé bòókẹ́lẹ́ tiwọn nìyẹn. Wọn ò jókòó ṣe ìwé tuntun o. Orúkọ tí àwọn obìnrin tò gan-an ni wọ́n dà kọ, wọn ò yí ohunkóhun padà. Orúkọ mẹ́yọ̀ nìkan ni wọ́n yọ, wọ́n wá fi ti Susanna Salter rọ́pò. Ìṣirò wọn ni pé ẹnikẹ́ni ò ní dìbò fún un àfi àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn ò sì ju ogún lọ. Ìbò ogún péré láàárín gbogbo ìlú! Ẹ̀rín á pa ará ìlú, ojú á ti ẹgbẹ́, obìnrin kankan ò sì ní gbé orí sókè lórí ọ̀rọ̀ ìlú mọ́.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Bí o bá máa gbẹ́ kòtò ìkà, má gbẹ́ ẹ jìn 😂

Tíṣà Ìtàn
Ó dà bí ẹni pé àwọn ò gbọ́ òwe yẹn ní Kansas.

Ibi tí ìṣirò wọn ti bàjẹ́ ni pé ìwé ayédèrú náà jọ ojúlówó jù. Àwọn obìnrin tó tètè débẹ̀ láàárọ̀ rí gbogbo orúkọ tí wọ́n tò fúnra wọn, àfi ẹyọ kan tó wà lókè pátápátá. Ariwo ta. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Rìpọ́bílíkà rí i, inú bí i, ó kó èèyàn díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n gba ilé Salter lọ. Wọ́n ṣàlàyé ọ̀tẹ̀ náà fún un, wọ́n sì bi í bóyá á gbà láti jẹ mẹ́yọ̀ bí wọ́n bá dìbò fún un. Ó ní òun á gbà. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á yàn án, kí àwọn ọlọ́tẹ̀ yẹn lè mọ̀ pé àwọn náà gbọ́n.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń sáré kiri ìlú. Ìlú 500 èèyàn ni, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ tàn níbẹ̀. Àwọn WCTU fi ọkùnrin tí àwọn fúnra wọn fà kalẹ̀ sílẹ̀, wọ́n yí sẹ́yìn Salter. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta ló jẹ́ tirẹ̀.

Ìyá Adùkẹ́
Ohun kan wà tí àwọn èèyàn máa ń mẹ́nu kàn kọjá lọ, pé aṣọ ló ń fọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ìfọṣọ ayé ìgbà náà á mọ ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni 4 oṣù Kẹrin 1887. Ọjọ́ Ajé sì ni ọjọ́ ìfọṣọ obìnrin Amẹ́ríkà nígbà yẹn, bí ọjọ́ ọjà ṣe rí fún wa. Ojúmọ́ ò ní tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti máa pọn omi láti inú kànga, tí wọ́n á gbé e kaná nínú ìkòkò ńlá. Wọ́n á ha ọṣẹ sínú rẹ̀. Aṣọ funfun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé: ti ibùsùn, ti tábìlì, àwọ̀tẹ́lẹ̀. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e sórí pátákó ìfọṣọ oníjàgidi, wọ́n á gún un mọ́ ọn. Wọ́n á ṣàn án nínú omi tútù, wọ́n á rì í sínú omi búlúù kó má bàa pọ́n, wọ́n á fún un, wọ́n á sá a. Omi ọṣẹ kan náà ni aláwọ̀ á tún bọ́ sí, aṣọ iṣẹ́ tó dọ̀tí jù ni yóò gbẹ̀yìn. Kò ṣeé yí padà, torí bí aṣọ iṣẹ́ bá ṣáájú, omi á dúdú, funfun ò sì ní funfun mọ́. Kò sì ṣeé fi sílẹ̀ láàárín méjì: bí omi bá tutù, ọ̀rá ọṣẹ á dì, á lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ọmọ mẹ́rin ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lòun fúnra rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọṣẹ nígbà tí wọ́n bi í bóyá á ṣe mẹ́yọ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Ọkọ ẹ̀ ńkọ́? Kí ló sọ?

Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́
Lewis Salter lorúkọ rẹ̀. Ó ti dé ibi ìdìbò láàárọ̀, ó rí orúkọ ìyàwó rẹ̀ nínú ìwé, inú ò dùn sí i. Nígbà tó gbọ́ pé ìyàwó ti fẹnu ara rẹ̀ gbà, ìyẹn tún le jù. Ìgbà tó yá ló wá ń fi ṣe fọ́ńté, pé ọkọ mẹ́yọ̀ lòun.

Àbẹ̀kẹ́
Nítorí náà ìyàwó ilé kan ṣáá ni wọ́n gbé síbẹ̀, tí kò mọ nǹkan kan nípa ìjọba?

Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́
Rárá o, Àbẹ̀kẹ́. Bí àwọn ìwé ìròyìn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn kí ìtàn lè dùn, ó sì ń bí mi nínú. Ilé ìjọba ìlú yẹn gan-an ló ti ń jáde.

Wọ́n bí i ní 2 oṣù Kẹta 1860 nítòsí Lamira, ní agbègbè Belmont, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Susanna Madora Kinsey ni orúkọ ìdílé rẹ̀, ìran ìjọ Quaker ni wọ́n. Ní 1872 ni àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Kansas, sórí oko éékà 80 nítòsí Silver Lake. Ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ náà ní Manhattan ní 1878, wọ́n sì jẹ́ kó fo ọdún kìíní torí pé ó ti kà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó gbàwé ẹ̀rí ni àìsàn dá a dúró. Ibẹ̀ ló ti mọ Lewis, ọmọ Melville Salter tó ti ṣe igbákejì gómìnà Kansas. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1880, wọ́n kó dé Argonia ní 1882, ọkọ ń tọ́jú ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ìṣó, òòlù àti irinṣẹ́ oko. Nígbà tí àwọn òbí ìyàwó náà dé, Salter àti Kinsey jọ ń ṣe ìsọ̀ náà.

Ibi tí mò ń lọ rèé: ní 1885 tí Argonia di ìlú lábẹ́ òfin, ta ni mẹ́yọ̀ àkọ́kọ́? Oliver Kinsey, bàbá Susanna. Ta ni akọ̀wé ìlú? Lewis, ọkọ rẹ̀. Ọmọ mẹ́yọ̀, ìyàwó akọ̀wé ìlú, tó tún ń darí ìpàdé ẹgbẹ́. Àwọn ogún ọkùnrin yẹn gbàgbé gbogbo èyí nígbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Adùkẹ́
Ẹ ṣeun jàre. Ìran akínyẹlé ni.

Tíṣà Ìtàn
Àtúnṣe kékeré kí Àbẹ̀kẹ́ má bàa ṣì í kọ: mẹ́yọ̀ irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọba. Alága ìgbìmọ̀ ni. Ìgbìmọ̀ ló ń ṣòfin ìlú, mẹ́yọ̀ ló ń jókòó lórí àga, tó ń pe ẹni tó máa sọ̀rọ̀, tó sì ń rí i pé ọ̀rọ̀ ò yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọkùnrin ni àwọn márààrún tó bá jókòó. Ohun tó sì sọ fún wọn níjọ́ àkọ́kọ́ ni pé àwọn ni ìlú yàn láti pinnu, òun kàn ń darí ìjókòó ni. Mo rò pé ọgbọ́n ló fi ṣe é. Ẹni tí gbogbo ojú ń wò, bó bá wọlé tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ, ìjà ọdún kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Tí ó bá jẹ́ pé ó kàn jókòó ni, kí ni gbogbo ariwo wá wà fún? Kí ló ṣe fún ìlú?

Tíṣà Ìtàn
Ìbéèrè tó tọ́ ni. Bí o bá ń retí afárá àti ilé ìwòsàn, o ò ní rí i. Ọdún kan péré ni sáà rẹ̀, ìlú ò lówó, iṣẹ́ ìlú 500 èèyàn ò sì ju ìpàdé, ìwé àṣẹ àti ìlànà lọ. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ọdún náà lọ. Ariwo ti ọ̀dọ̀ àwọn oníròyìn wá. Ìwé ìròyìn Sun ti New York rán èèyàn wá jókòó sí ìpàdé ìgbìmọ̀. Ẹni náà kọ irú aṣọ àti fìlà tí mẹ́yọ̀ wọ̀ (ta ni í kọ fìlà mẹ́yọ̀ ọkùnrin?), ṣùgbọ́n kò lè ṣàìkọ ọ́ pé ó mọ ìlànà ìpàdé dáadáa, àti pé léraléra ló dá àwọn tó ń sọ ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ dúró.

Owó oṣù? Dọ́là kan. Kì í ṣe lóṣooṣù o, fún gbogbo ọdún náà.

Ìyá Adùkẹ́
Ẹ má gbàgbé pé ó bímọ lórí oyè. Ọmọ karùn-ún ni, kò sì pẹ́ láyé. Ọjọ́ mélòó kan lọmọ náà lò. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ bí àwàdà kì í sábà kọ ìyẹn.

Nígbà tí ọdún pé, wọ́n bi í bóyá á tún díje. Ó ní ó tó.

Àbẹ̀kẹ́
Ó ṣe o. Kí n wá kọ ọ́ pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò mẹ́yọ̀ ní Amẹ́ríkà, àbí?

Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́
Níbẹ̀ ni kí o ti rọra. Ní 1862, ìlú Oskaloosa ní ìpínlẹ̀ Iowa dìbò fún obìnrin kan tó ń jẹ́ Nancy Smith láti ṣe mẹ́yọ̀, obìnrin náà kọ̀, kò jẹ oyè rárá. Bí o bá kọ “obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn,” ẹnì kan á ju ìyẹn lù ọ́. Kọ ọ́ pé òun lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn tó sì ṣe iṣẹ́ mẹ́yọ̀. Kò sí ẹni tó máa rí ẹnu sọ.

Má sì jẹ́ kí Oskaloosa méjì dà pọ̀ mọ́ra. Ti Iowa ni ti Nancy Smith. Oskaloosa mìíràn wà ní Kansas, níbi tí wọ́n ti yan Mary Lowman ní mẹ́yọ̀ ní 1888 pẹ̀lú ìgbìmọ̀ tó jẹ́ pé obìnrin ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń po ìtàn méjèèjì pọ̀. Syracuse náà wà ní Kansas tó yan obìnrin nìkan sí ìgbìmọ̀ ìlú ní 1887, ọdún Salter gan-an, ṣùgbọ́n mẹ́yọ̀ wọn kì í ṣe obìnrin.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ
Lẹ́yìn mẹ́yọ̀, ipò wo ló tún dù? Aṣòfin?

Ìyá Adùkẹ́
Kò du ipò kankan mọ́. Ní 1893 tí ìjọba ṣí ilẹ̀ Cherokee Strip ní Oklahoma fún àwọn tó fẹ́ tẹ̀ dó, òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ síbẹ̀, wọ́n gba ilẹ̀ nítòsí Alva. Nígbà tó yá, ọkọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà, ó sì dá ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ọdún 1916 ni ọkọ kú. Ó kó àwọn ọmọ lọ sí Norman, níbi tí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà wà, kí wọ́n lè kàwé. Norman náà ló kú sí ní 17 oṣù Kẹta 1961, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó pé ọdún 101. Argonia ni wọ́n gbé e lọ sin. Òkúta ìrántí ti wà níbẹ̀ fún un láti 1933, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ilé tó gbé nígbà tó jẹ mẹ́yọ̀ ṣì wà, wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láti 1971.

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ẹyọ kan sí i. Nígbà tó dé Oklahoma, ṣé ó ṣì ń dìbò?

Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́
Àbẹ̀kẹ́, o mú ibi tó dùn mí jù. Òfin Kansas ò bá a sọdá ààlà. Lẹ́yìn tó kó lọ ní 1893, ẹni tó ti jókòó lórí àga mẹ́yọ̀ rí ò lè dìbò yan mẹ́yọ̀ ìlú tó ń gbé mọ́. Ní 1912 tí àwọn obìnrin Kansas gba gbogbo ẹ̀tọ́ wọn, kò sí níbẹ̀. Oṣù Kọkànlá 1918 ni àwọn ọkùnrin Oklahoma tó dìbò pé kí obìnrin máa dìbò. Ó ti pé ọdún 58 nígbà náà.

Àbẹ̀kẹ́
Ọdún 25 gbáko! Mo ti yọ “obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn” kúrò, mo sì ti kọ Iowa sẹ́yìn Oskaloosa. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi ṣàlàyé bébà onígọ́ọ̀mù yẹn: ṣé wọ́n ń kà á mọ́ ìbò bó bá ṣí kúrò lára ìwé ìbò nínú àpótí?

Tíṣà Ìtàn
Ìjà tí wọ́n ń jà nígbà tí wọ́n bá ń ka ìbò nìyẹn. Bó bá ṣí, orúkọ ti àtẹ̀yìnwá á tún hàn, àwọn tó ni orúkọ yẹn á ní tàwọn ni, àwọn tó lẹ̀ ẹ́ á ní rárá. Nítorí ẹ̀ ni àwọn tó gbọ́n fi máa ń kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù pa orúkọ ìsàlẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tó lẹ tòkè mọ́ ọn.